Ta Ló Bí Bàbá Nínú?



Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Sùúrùlérè kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ óò bá èrò níbẹ̀. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń rìn kánmọ́kánmọ́, àwọn mìíràn ń fò sókè sódò tẹ̀lé orin. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni èmi àti bàbá mi kọjá níbẹ̀, kì í sì í ṣe eré ìdárayá ló gbé wa débẹ̀. Ìbátan wa kan tó ń ta bàtà ni a lọ kí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan jókòó sí lábẹ́ agboòrùn, tó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn ní owó péréte. Mo rọ bàbá mi pé kí wọ́n jókòó. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe jókòó.

Nọ́ọ̀sì di ọ̀já ẹ̀rọ náà mọ́ wọn lápá. Ọ̀já náà fún, ó sì dẹ̀. 178 lórí 104. Ó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó sì tún un wọ̀n. 174 lórí 102. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló bí mi nínú tí ẹ̀jẹ̀ mi fi ń ru? Mo sùn dáadáa, mo jẹun yó, orí kò fọ́ mi."

Ẹni tó kọ́ nípa èdè Yorùbá ni mí, n kò sì lè pe ìbéèrè yìí ní ti aláìmọ̀kan, nítorí èdè wa gan-an ló kọ́ bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń ru, a máa ń rí i tàbí kí a gbọ́ ọ. Òkun a máa ru. Ẹmu a máa ru nínú akèrègbè. Bí inú bá bí ènìyàn, a ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe máa ru lára àgbàlagbà tí kò sì ní mọ̀ ọ́n lára? Àmọ́ bí àìsàn yìí ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ni kì í mọ nǹkan kan lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bínú lè ní in.

Orúkọ kejì, ìfúnpá gíga, ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ìfúnpá ni oògùn tí àwọn ọdẹ àti jagunjagun máa ń so mọ́ apá láyé àtijọ́. Ọ̀já ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Orúkọ yìí kò ṣèlérí pé a óò mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí a ti lè rí i ló sọ fún wa.

Ohun tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ kò le. Ọkàn a máa lù tó nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Nígbà tó bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ni nọ́ńbà òkè. Nígbà tó bá sinmi kó tó tún lù, agbára tó ṣẹ́kù ni ti ìsàlẹ̀. Bí ó bá kéré sí 120 lórí 80, ó dára. Bí ti òkè bá dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé mọ ohun tó ń ṣe páìpù tí omi bá ń fi agbára tì jù: ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n yóò bẹ́. Nínú ara, ó lè jẹ́ inú ọpọlọ ni yóò ti bẹ́, kí rọpárọsẹ̀ sì dé. Ó lè jẹ́ kíndìnrín, ojú, tàbí ọkàn fúnra rẹ̀ ni yóò bàjẹ́.

Ọdún 31 ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ akérò láti Múṣìn lọ sí Ọ̀yìngbò. Ìjókòó ni iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọmọ ọkọ̀ tó ń gba owó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju ọmọ ọkọ̀ lọ. Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n padà wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn ní 1956, wọ́n rí i pé àwọn awakọ̀ ti sanra jù láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà a kò lè di gbogbo rẹ̀ ru ìjókòó. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé òótọ́ ni pé ìgbòkègbodò ara ń dáàbò bo ọkàn. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi, wọ́n ní, "Ọmọ ọkọ̀ tèmi kò rí àtẹ̀gùn gùn, ẹnu ọ̀nà ló ń so rọ̀ mọ́."

Dókítà fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù (mágí náà iyọ̀ ni), kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ìrìn déédéé ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ọkàn sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa fi ipá ṣiṣẹ́. Ó lè fa nọ́ńbà òkè ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ní nǹkan bíi 5 sí 8. Láti Ìdí-Òró sí Ojúẹlẹ́gbá ni à ń rìn. Wàhálà wa kan ṣoṣo ni àwọn awakọ̀ tó mọ bàbá mi, tí wọ́n ń dúró lójijì: "Bàbá, ẹ wọlé, ọ̀fẹ́ ni!"

Ní oṣù kẹta, 142 lórí 88 ni a rí. Inú mi dùn. Inú bàbá mi dùn ju tèmi lọ, wọ́n sì dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí páálí oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọn kò fọwọ́ kàn án. A wọ̀n ọ́n: 166 lórí 98. Mo sọ̀rọ̀ sí bàbá mi bí ọmọ kò ṣe yẹ kó sọ ọ́, mo sì ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọn kò bá mi wí. Nọ́ńbà náà ni wọ́n tẹjú mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Dókítà ṣàlàyé pé 142 yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìrìn ń ràn án lọ́wọ́ ni, kò gba ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi fúnra wọn ló ń bi màmá mi léèrè oògùn lálaalẹ́.

A ti ra ẹ̀rọ tiwa. Bàbá mi ló di ọ̀gá rẹ̀, òfin wọn sì pọ̀: kí a kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí èmi náà nawọ́. Mo fẹ́ kọ̀. Ọmọ ọdún 28 ni mí, kí ni mo fẹ́ fi ìfúnpá ṣe? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé ìdí kọ̀ǹpútà ni àwa náà ń jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́.

136 lórí 87. A tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kò tíì dé ibi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbi tó dára. Bàbá mi tú ọ̀já náà, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ta ló bí ọ nínú?"

Ìdúró kan ṣoṣo tí à ń ṣe lójú ọ̀nà Ojúẹlẹ́gbá báyìí, nítorí tèmi ni. Bàbá mi ní mo ń rìn jẹ́jẹ́ jù.