Ta Ni Yóò Ṣàkóso Omi àti Ẹ̀gbin ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko?

Ní àárọ̀ ọjọ́ èyíkéyìí ní Okokomaiko, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìró jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ, èyí tí a mọ̀ sí bòhóò, ni ó máa ń kọ́kọ́ jí ará àdúgbò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́ruwà yóò ti ọmọlanke wọn jáde, tí kẹ́ẹ̀gì omi yóò tò lé e lórí. Ilé tó lówó ti gbẹ́ bòhóò tirẹ̀. Ilé tí kò lówó ń ra omi lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí ni ti ẹ̀gbin rí: onílé kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, òun náà ni yóò sì wá ọkọ̀ tí yóò fa á nígbà tó bá kún. Kò sí ìpàdé kankan tí a ti fẹnu kò pé báyìí ni kí a máa ṣe é. Síbẹ̀, ètò ìṣàkóso ni èyí náà jẹ́, gbogbo wa ni a sì ń san owó rẹ̀.

Ó tó àkókò kí àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko gbé ètò yìí sórí ìwọ̀n. Ṣé kí onílé kọ̀ọ̀kan máa bá a lọ fúnra rẹ̀ ni? Ṣé kí ìjọba gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra ni, tàbí kí a pe ilé-iṣẹ́ aládàáni wọlé? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ọ̀nà tí a wà lórí rẹ̀ báyìí tilẹ̀ lè gbé wa dé ibi tí a ń lọ.

Ohun tí ìwọ̀n ilẹ̀ sọ

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé ni pé, ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga, kí ìsàlẹ̀ kòtò náà sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Plọ́ọ̀tì kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ìdajì plọ́ọ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́lé sí, jẹ́ 60 sí 60, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 18. Bí onílé bá gbẹ́ kànga sí igun kan lórí ìdajì plọ́ọ̀tì, tó sì gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ sí igun tó dojú kọ ọ́ gan-an, nǹkan bíi mítà 26 péré ni yóò wà láàárín wọn. Kò sí ibi tó lè gbé méjèèjì sí lórí ilẹ̀ náà tí yóò fi pé 30.

Ẹni tó ra odindi plọ́ọ̀tì lè rí i ṣe nínú ọgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe sí kòtò aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri? Lóòótọ́, bòhóò tó jìn, tí a sì fi páìpù àti sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, láàbò ju kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ lọ. Àmọ́ agbègbè wa jẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn sí wa, nígbà òjò sì ni àgbàrá máa ń wọ inú kòtò, tí yóò sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde sí ojú gọ́tà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kànga mi àti kòtò aládùúgbò mi, ọ̀ràn kan náà ni. Onílé tó ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ kò lè fi ìwà rere tirẹ̀ nìkan dáàbò bo omi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbá méjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, tó sì le ní Erékùṣù Èkó, Etí-Ọ̀sà àti Kòṣọ́fẹ́, a tún rí i pé àrùn inú omi kì í béèrè ẹni tó ni ilé kó tó wọlé.

Iṣẹ́ ta ni?

Àfikún Kẹrin Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìpèsè àti àbójútó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, omi ẹ̀gbin àti pàǹtírí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ tún ní ẹ̀ka kan tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí. Ìbà sì ti ní àgbègbè ìdàgbàsókè tirẹ̀ láti ọdún 2003, nígbà tí a yọ ọ́ lára Ọ̀jọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ ló wà lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà káńsù.

Agbára ohun èlò náà kò sì dọ́gba. Iṣẹ́ omi Adíyàn, tí a ṣí ní ọdún 1991, ni a kọ́ láti máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lóòjọ́. Ti Ìṣàṣì, tó wà ní apá ọ̀dọ̀ wa, tó ń fa omi láti odò Òwò, mílíọ̀nù 4 péré ni a kọ́ ọ fún. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọjà Alábà sì wà ní agbègbè yìí, pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ èrò tí wọ́n ń fà wá. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tó ti ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ń bọ̀ wá parí ìrìn rẹ̀ sí Okokomaiko. Bí ó bá dé, ilé yóò pọ̀ sí i, ilẹ̀ yóò wọ́n sí i, ìdajì plọ́ọ̀tì yóò sì máa di ìdá mẹ́rin.

Ẹ̀kọ́ láti Ghana àti Senegal

Àwọn kan gbà pé kí a gbé gbogbo rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ní ọdún 2006, ìjọba Ghana gbé ìṣàkóso omi àwọn ìlú ńlá rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Aqua Vitens Rand fún ọdún márùn-ún. Nígbà tó di ọdún 2011, ìjọba kò tún àdéhùn náà ṣe mọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò lé gbogbo àfojúsùn tí wọ́n jọ kọ sílẹ̀ bá. Senegal gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1996: àwọn ohun ìní omi wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, aládàáni ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti owó gbígbà, àjọ ìjọba mìíràn sì ń mójú tó ẹ̀gbin. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aládàáni àkọ́kọ́ kúrò, tí òmíràn sì gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2020, ètò náà kò wó.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé ní Senegal, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mọ ẹni tó ni ohun ìní, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀gbin. Èyí gan-an ni ohun tó ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò wa.

Ohun tó yẹ kí a béèrè

Ohunkóhun tí a bá yàn, ó yẹ kí omi àti ẹ̀gbin wà nínú ètò kan ṣoṣo, kí Ọ̀jọ́ àti Ìbà sì jọ jókòó sí i. Ẹ̀gbin ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò ní dúró de ọjọ́ tí páìpù ńlá bá dé. Káńsù lè forúkọ gbogbo kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀, kí ó ṣètò àkókò tí a ó máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa kọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan da ẹrù rẹ̀ sí. Àwọn ọkọ̀ aládàáni lè ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ àdéhùn. Lẹ́yìn èyí, kí a máa yẹ omi kànga wò lásìkò, kí a sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Níbi tí ilé bá ti wà papọ̀, bíi ilé alábọ́ọ́dé ìjọba ní Ìbà, a lè gbìyànjú ojúkò ìfọ̀mọ́ ẹ̀gbin kan ṣoṣo fún gbogbo ilé.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará ìlú ni pé wọn yóò san owó omi, omi kò sì ní wá. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí owó máa tẹ̀ lé iṣẹ́: kí omi kọ́kọ́ sun, kí mítà kà á, kí ìwé owó tó dé. Ó sì yẹ kí a rántí ẹni tí kò ní ilé. Ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló sábà máa ń san jù lórí omi kan náà, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni ó máa ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn onílé. Kí a fún ayálégbé náà ní ìjókòó níbẹ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Okokomaiko, ẹ jẹ́ kí káńsù, onílé àti ayálégbé ti jọ fẹnu kò lórí ìdáhùn kan: bí kòtò bá kún ní òru òní, ta ni a ó pè, níbo ni yóò sì kó o lọ?