Ọkàn ṣọ́jà náà gbọgbẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé

Bí ṣọ́jà Nàìjíríà bá ti ogun dé láìní ẹsẹ̀ kan, gbogbo wa la máa gbà pé ogun ló gé e. Bó bá ti ogun dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a ó ní ọjọ́ orí ni. Àbí ká ní ọwọ́ ayé ni. Irọ́ ni jàre. Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń béèrè. Kí òfin gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn tó bá mú ẹni tó jagun fún Nàìjíríà, iṣẹ́ ogun ló fà á, àyàfi bí ìjọba bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba ni kó máa wá ẹ̀rí kiri, kì í ṣe bàbá tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan láìsinmi.

Agbowó ni mò ń gbé. Ẹni tó mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé Òjòó kò jìnnà, ibẹ̀ ni báráàkì Odógbo wà, ibùjókòó Division Kejì. Orúkọ Adékúnlé Fájuyì ni wọ́n fi sọ báráàkì yẹn, gómìnà ológun tí wọ́n mú níbí n'Ìbàdàn tí wọ́n sì pa ní July 1966. Torí báráàkì yìí, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà ti rí wọn. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ géètì ní Bódìjà, tí wọ́n ṣì ń kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọmọ Yahoo tó wa Benz.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí a máa ń pè ní Bàbá Sájẹ́ǹtì. Wọ́n bá ECOMOG lọ Liberia. Báyìí, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn á wú. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé orí sókè kí wọ́n tó lè sùn, torí bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, èémí ò ní dé ibi tó yẹ kó dé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ọkàn wọn wú. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé dókítà yẹn lọ sí ọ́fíìsì kan, ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn tábìlì bi wọ́n pé, "Bàbá, ibo ni ìbọn ti bà yín?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun mọ̀ pé iṣẹ́ lè sọ èèyàn di aláàbọ̀ ara, àwọn dókítà á sì ṣírò rẹ̀ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ tó gé rọrùn láti ṣírò. Ojú tó fọ́ náà rọrùn. Ta ló fẹ́ ṣírò òru tí èèyàn fi gbé ìbọn káyà nínú igbó, tí kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ á mọ́ bá òun?

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rè é. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkìkì, iṣan á sì fún pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó dáa, òun ló ń jẹ́ kéèyàn rí ẹsẹ̀ sáré. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù gbọọrọ ńkọ́, pẹ̀lú àìsùn, pẹ̀lú sìgá àti ọtí tí wọ́n fi ń pa ìrònú? Àwọn tí ìbọn ṣì ń dún létí wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti délé, ìwádìí ti fi hàn léraléra pé àrùn ọkàn ń mú wọn ju àwọn mìíràn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé a ò mọ̀. N'Ìbàdàn yìí, ní UCH, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkúgbé ti kọ́ ayé nípa ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó kú ní 2020. Abẹ́òkúta tó wà nítòsí wa, nígbà tí àwọn dókítà ka àwọn tí ọkàn wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Ìmọ̀ wà. Òfin ni kò tẹ̀ lé e.

Amẹ́ríkà náà jà sí i kí wọ́n tó gbà. Wọ́n da oògùn apakoko Agent Orange sórí igbó Vietnam, sórí àwọn ọmọ ogun tiwọn náà. Ní August 2010 ni wọ́n fi àrùn ọkàn tí iṣan rẹ̀ ń dí kún àìsàn tí wọ́n gbà láìbéèrè ẹ̀rí. Eric Shinseki ló wà nípò nígbà náà, ọ̀gágun tí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ gé díẹ̀ lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Vietnam. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò wọ ìwé àfi ìgbà tí wọ́n ṣe òfin PACT ní August 2022.

Èyí tó wú mi lórí jù: lọ́dọ̀ wọn, bí ogun bá gé ẹsẹ̀ èèyàn láti orúnkún sókè, tí àrùn ọkàn wá mú un lẹ́yìn náà, òfin sọ pé ẹsẹ̀ yẹn ló fà á. Ó parí. Bọ́ǹbù tí Boko Haram rì mọ́lẹ̀ ní Borno ti gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ta ló ń wo ọkàn wọn? Ní UK, ẹni tó sìn ṣáájú April 2005, tó béèrè láàárín ọdún 7 tó kúrò níṣẹ́, ìjọba ló máa fi hàn pé iṣẹ́ kọ́ ló fa àìsàn náà. Nítorí náà, ohun tí mò ń wí kì í ṣe àlá.

Mo ti mọ comment tó ń bọ̀: "Ṣebí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló ní BP?" Senator Jim Webb, tí òun náà jagun Vietnam, sọ ohun tó jọ ọ́ ní 2010, pé àrùn ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n mú un sáré, wọ́n yẹ àyà rẹ̀ wò, wọ́n lé àwọn tí ara wọn ò le padà sílé. Ọkàn tó dáa lẹ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé ọjọ́ tó wọlé, ẹ̀yin lẹ ní ìwé ọjọ́ tó jáde. Ẹ̀yin kan náà lẹ wá ń sọ pé kó lọ mú ẹ̀rí wá?

Èkejì: "Owó dà?" Láti 2011 ni wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú pension alájọdá, nítorí náà inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ni owó wọn ti ń wá, bí ìjọba bá sì fẹ́ràn nǹkan, a mọ bó ṣe ń rówó sí i. Òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀, abala 173, ní kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá gòkè. Síbẹ̀ ní December 2024, àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ṣì lọ dí ẹnu ọ̀nà Ministry of Finance l'Abuja torí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn àgbàlagbà, nínú oòrùn. Ẹ wo BP wọn lọ́jọ́ yẹn ná.

Tó bá di January 15, ọjọ́ tí ogun Biafra parí ní 1970, wọ́n á fi òdòdó pupa sáyà, wọ́n á fun kàkàkí, gómìnà á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ẹyẹlé dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ti lé ní 75 báyìí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì sí nínú ìyẹ́ ẹyẹlé.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ ṣọ́jà, ẹ ṣe èyí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé. Ẹ kọ BP wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí wọ́n bá ṣe ECG tàbí echo, ẹ má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ sọnù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ sì bẹ dókítà kó kọ ibi tí wọ́n ti jagun àti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn North, ẹ tag aṣojú wa l'Abuja, ẹ bi í bóyá ó lè gbé àbá òfin yìí dìde.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń kọ àbá náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́yà ló kù. DM mi ṣí sílẹ̀.