Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ní Kwali, nínú agbègbè olú-ìlú Nàìjíríà, ni a bí Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20. Kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ ní Abuja, tí í ṣe Suleja òde òní, ní 1954, ni ó ti ń fín alángbá, àkeekèé àti ejò sí ara ìkòkò. Bí ikùn ìkòkò bá ti yí ni ìlà rẹ̀ ń yí. Kò gé ikùn ìkòkò kí ìlà lè gún. Ọgbọ́n yìí ni ó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn kan tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá.

Ojú ẹ̀rọ kan wà tí kì í gbé ju lẹ́tà lọ. Ó pín sí ojúlé-ojúlé bí afárá oyin, lẹ́tà kan fún ojúlé kan. Láti fi ìlà ya àpótí yí ọ̀rọ̀ ká lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, VT100 ti 1978 a máa sọ lẹ́tà q di ìlà ìbú, a sì sọ x di ìlà òòró. Bí àṣẹ náà kò bá wọlé, “lqqqk” ni òǹkàwé yóò bá níbi tí ó yẹ kí òrùlé àpótí wà. Kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 fún àwọn ìlà wọ̀nyí ní àyè láàárín àmì 256 tí ó ní. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí àyè kankan. Unicode òde òní ya àmì 128 sọ́tọ̀ fún ìlà àti igun. Ẹ, ọ àti ṣ náà ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ olóhùn òkè kò ní àyè àdáni: a ó kọ ẹ, a ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí.

Níbẹ̀ ni ìjà ti dé. “Ọ̀rẹ́” gba ojúlé 3, ṣùgbọ́n ètò tí ó ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà yóò kà á sí 5. Ògiri ọ̀tún àpótí yóò sì fi ojúlé 2 sún wọnú.

Àwọn kan ní kí a yọ àmì ohùn kúrò kí ògiri lè gún. Àwáwí gbáà ni! Ọ̀ṣọ́ ni ìlà; ọ̀rọ̀ ni ohùn. Bí a bá bọ́ àmì lára igba, igbá àti ìgbà, kí ni yóò ya iye, ohun èlò àti àkókò sọ́tọ̀? Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ àtijọ́ ni, kí a gbàgbé rẹ̀. Irọ́ ni: títí di òní, irú ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tí ó wà lọ́nà jíjìn.

Oògùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Kí ojú ẹ̀rọ àti ètò jọ máa lo UTF-8; kí ètò ka àmì ohùn sí òdo nígbà tí ó bá ń ka ojúlé; kí àwọn olùkọ́ má sì gba iṣẹ́ tí a bọ́ àmì lára rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ni ó fà á. Ìkòkò ni ó ni ìlà. Ìlà kọ́ ni ó ni ìkòkò.