Oríyìn fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Okubadejo àti Àwọn Tó Na Apá fún Abẹ́rẹ́

Ní ọjà Òkè Àrin ní Èkó, inú ìwé àwìn ni àrùn Parkinson ti lè kọ́kọ́ fojú hàn. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ń kọ gbèsè páálí mílíìkì gàdàgbà tẹ́lẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Lẹ́tà á máa fún mọ́ra bó ṣe ń lọ sí òpin ìlà, títí ọmọ tó ń bá a tajà kò fi ní lè kà á mọ́. Tó bá wá gbọ́wọ́ lé itan, ọwọ́ kan á máa dá gbọ̀n. Àwọn ará ọjà á ní ayé ló ń bá a jà. Àwọn ọmọ á máa gbé e láti ilé alfa dé orí òkè àdúrà, owó á sì máa lọ.

Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kan sáárá sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo, onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ara ní Yunifásítì Èkó àti ọsibítù rẹ̀, LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Láti ọdún 1817 ni James Parkinson ti kọ̀wé nípa àrùn yìí ní London. Akànṣẹ́ Muhammad Ali, tí Èkó tú síta láti wò ní 1964, gbọ́ ní 1984 pé òun ní in. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá ohun tó ń fà á nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ló gba ilé àyẹ̀wò kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ Nigeria Parkinson Disease Research Network kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 2023, àwọn àti Mie Rizig ti University College London pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde jáde nínú ìwé The Lancet Neurology. Èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200,000, tí gbogbo wọn jẹ́ ìran Áfíríkà, ni wọ́n yẹ̀ wò. 1,488 nínú wọn ló ní àrùn náà. Wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní GBA1, tó wọ́pọ̀ láàárín wa, tó sì ṣọ̀wọ́n gan-an lára òyìnbó. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, ewu àrùn náà fún un tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti ẹni tí kò ní in. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ó tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. (Kì í ṣe pé ẹni tó bá ní in ti di aláìsàn o.)

Wọ́n ti ń dán àwọn oògùn kan wò nítorí jíìnì yìí. Ambroxol, oògùn ikọ́ àtijọ́, wà lára wọn, Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àbùkù tiwa ń gbà pa GBA1 lára yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Bí wọn kò bá fi wá kún àyẹ̀wò, ta ni yóò sọ bóyá oògùn náà á ṣiṣẹ́ fún ìyá Òkè Àrin? Iṣẹ́ Ìdí-Àràbà ló jẹ́ ká lẹ́nu láti bèèrè.

A kí àwọn aláìsàn pẹ̀lú, àti àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá tí wọ́n sì na apá fún abẹ́rẹ́. Nílùú tí èèyàn ti ń bẹ̀rù pé wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣètùtù, akin ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àforítì.

Oògùn tó ń dín gbígbọ̀n kù wà tipẹ́, levodopa ni. Èso wèrèpè pàápàá ní in nínú, ṣùgbọ́n ẹ má gún un mu o. Dókítà ló ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ọwọ́ àgbà yín bá ń gbọ̀n, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú un dé ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ sí Ìdí-Àràbà.