Kì í ṣe gáàsì ló tán

Ẹ̀yin olówó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbafẹ́ lórí ọ̀sà Èkó, ọ̀rọ̀ yín ló kàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí amúlétutù inú ọkọ̀ ò bá tutù mọ́, ohun tí àwọn atúnṣe kan máa ń sọ ni pé, "Ọ̀gá, gáàsì ti tán." Ẹ má tíì tọwọ́ bàpò o! Omi ọ̀sà ló ń gbé ooru ẹ̀rọ náà jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ ọ̀sà pọ̀, ìkarahun wẹ́wẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Ẹ wo omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bó bá ń ṣe tín-ín-rín, ọ̀fun ẹ̀rọ ló dí.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ti fáàfù, ẹ fọ asẹ́. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré gbé ásíìdì tí kò le, tí kì í jẹ bàbà, láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì gba inú páìpù yípo, títí tí kò fi ní hó mọ́. Omi tí kò níyọ̀ ni kí wọ́n fi ṣàn án. Kí wọ́n ṣí fáàfù padà kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Àmọ́ ẹ ṣí fèrèsé o! Ẹni tó bá da ásíìdì pọ̀ mọ́ blíìṣì nínú yàrá ọkọ̀ ń wá ikú ni. Owó gáàsì ṣeé rí padà, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ò ṣeé rà lọ́jà.