OCTOBER 1: OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ JU ÈJE LỌ

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwe yìí bá sinimá October 1 mu gan-an, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2014. Ọmọbìnrin mẹ́fà ni apààyàn inú sinimá náà pinnu láti pa, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi bà á jẹ́ ní ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀fà nìkan yóò sọ pé ìtàn ọlọ́pàá àti ọ̀daràn ni. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni, ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ọmọ tí a fi sí i lọ́wọ́ ni, kò sì yọ ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wo sinimá náà, kí ó má bínú sí mi. N kò lè sọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti dára àti ibi tí ó kù sí láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi inú rẹ̀.

Kúnlé Afọláyan kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó mọ ìtàn sinimá Yorùbá. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni, Adé Love tí ó ṣeré nínú Àjàní Ògún ní ọdún 1976 àti nínú Ìjà Òmìnira, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Sinimá ti bàbá dá lórí àwọn tí ó ń jà fún òmìnira. Ti ọmọ dá lórí ọjọ́ tí òmìnira dé. Túndé Babalọlá ni ó kọ ìtàn October 1.

Oṣù September ọdún 1960 ni ìtàn náà wáyé, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Akote ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan ń fipá bá àwọn ọmọbìnrin lòpọ̀, ó sì ń pa wọ́n. Ìjọba òyìnbó rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ó jẹ́ ará Òkè Ọya, Danladi Waziri, pé kí ó wá apààyàn náà rí kí àsíá wọn tó sọ̀kalẹ̀. Waziri fura sí èyí, ó fura sí tọ̀hún. Ó mú Hausa kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, bàbá Ìgbò kan tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sì gba ẹ̀mí ọkùnrin náà kí òtítọ́ tó jáde. Nígbà tí òtítọ́ jáde, ọmọ ọba ni: Adérọ̀pò, arẹwà ọkùnrin tí ó kàwé gboyè, tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. A kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó wà ní kékeré, àlùfáà òyìnbó kan tí ń jẹ́ Dowling mú òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àgbẹ́kọ̀yà, lọ sí ilé-ìwé ńlá ní Èkó. Àlùfáà yìí sì ń bá àwọn ọmọ náà lòpọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yin sinimá yìí fún ni pé kò di ẹ̀bi ru ẹ̀mí àìrí. Nínú púpọ̀ nínú àwọn eré wa, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìlú fẹ́ràn bá hùwà tí kò yé ènìyàn, kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ pé ayé ni ó ń ṣe é, tàbí pé orogún ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ rẹ̀ ṣoògùn. N kò sọ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò níyì. Afọláyan fúnra rẹ̀ rìn súnmọ́ ọ̀nà náà ní ọdún 2009 nínú Araromire, níbi tí ó ti fi wá sílẹ̀ láàárín méjì: ṣé òrìṣà ni ó ń da ilé ọlọ́rọ̀ rú ni, àbí ìlara ọ̀rẹ́? Nínú October 1, kò sí ibi ìsásí. Ènìyàn ni ó ṣe é sí ènìyàn. Ẹni tí a fi ọmọ tọ́ ni ó ba ọmọ jẹ́, àlùfáà tí òbí ń wárí fún. Ọkàn ọmọ tí wọ́n bà jẹ́ náà ni a gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn sí.

Èkejì, tí ó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni bí ó ṣe fi ọgbẹ́ kan náà sí ara ènìyàn méjì. Àgbẹ́kọ̀yà, tí Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ṣe, kò parí ìwé. Ó sá kúrò ní Èkó, ó padà sídìí oko. Ó ní ọmọ òun kankan kò ní lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, òpè ni a ó pè é. Ẹ rántí pé láti January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1960, bàbá tí ó bá ṣì ń fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sóko kò lè sọ pé owó ni òun kò ní. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò sì gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà la ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, òwe náà yí padà mọ́ wa lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n kọ́ parí ni ó ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tí ó sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni kò pa ẹnì kankan. Síbẹ̀ kò bọ́ pátápátá. Ìbẹ̀rù tí ó gbé wálé ni ó ń fi dí ọ̀nà àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí ìpalára ọjọ́ kan ṣe ń bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ìtàn yìí mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn òṣèré. Sadiq Daba, tí àwọn àgbà inú wa mọ̀ láti inú Cockcrow at Dawn lórí tẹlifíṣọ̀n NTA, ni ó ṣe Waziri. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ojú rẹ̀ ń sọ pé òun náà ní ohun tí òun ń rù. Ó gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó dára jù lọ nínú eré ìdárayá ọkàn àti ìbànújẹ́ ní AMVCA ti ọdún 2015. Ó kú ní ọdún 2021. Káyọ̀dé Ọláìyá, Adérùpọ̀kọ̀ tí a mọ̀ sí aláwàdà, ni Sájẹ́ǹtì Afọ̀njá, ó sì hàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Gbogbo ìgbà tí ó bá sọ Yorùbá ni sinimá náà ń mí.

Ó tó gẹ́ẹ́ ní ti ìyìn. Àléébù tí ó dùn mí jù lọ ni ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n pa. Ẹ bi ẹni tí ó ti wo sinimá náà lẹ́ẹ̀mejì pé kí ó dárúkọ mẹ́ta nínú wọn. Ẹ bi í ní ohun tí èyíkéyìí nínú wọn fẹ́ràn, ẹni tí ó ń bá a ṣeré, ohun tí ó fẹ́ dà lọ́la. Kò ní rí ìdáhùn fún yín. Òkú ni a fi mọ̀ wọ́n. A gbọ́ ẹkún òbí wọn, ṣùgbọ́n ohùn tiwọn a kò gbọ́. Sinimá tí ó ní òun fẹ́ wo inú ọkàn ènìyàn, ọkàn ọmọ ọba nìkan ni ó ṣí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù síta.

Tawa nìkan ni ó bọ́ nínú èyí, olùkọ́bìnrin tí Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe, òun sì ni Adérọ̀pò fẹ́ fi ṣe ìkẹfà. Ó gbọ́n, ó lẹ́wà, ó mọ ohun tí ó fẹ́. Olùkọ́ rere ni, ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ìfẹ́ mú ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òun ni ìdáhùn tí ìtàn náà ní sí Dowling: bí olùkọ́ kan bá ba ọmọ jẹ́, olùkọ́ mìíràn wà tí ń tún un ṣe. Ó ṣeni láàánú pé wọ́n lò ó bí ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá ju bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ sọ lọ.

Àléébù kejì wà nínú àhunpọ̀ ìtàn náà. Ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú. Ìtàn ọlọ́pàá fẹ́ kí á fi apààyàn pamọ́ títí di ìparí. Ìtàn ọkàn sì fẹ́ kí á wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. October 1 fẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, Adérọ̀pò ń rẹ́rìn-ín, ó ń wọ aṣọ ẹlẹ́wà, ó ń sọ̀rọ̀ òmìnira. A kò rí i kí ó dá wà. A kò mọ bí ó ṣe ń sùn, tàbí bóyá ó ń sùn. Nígbà tí ó wá kan ohun tí ó ṣe é, ẹnu ni ó fi ń rò ó fún Tawa, bí ẹni tí ń jẹ́rìí ní kóòtù. Ohun tí ó yẹ kí ojú wa rí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dà sí wa létí lẹ́ẹ̀kan náà.

Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì pọ̀ jù lẹ́nu òun àti Tawa, bí wọ́n tilẹ̀ jọ dàgbà ní ìlú kan náà. Ẹnì kan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì náà ni èdè tí wọ́n fi bà á jẹ́, pé kò tọ́ kí ó fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ bí ẹni tí ó kọ ìtàn bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ó yẹ kí á rí ibì kan tí Adérọ̀pò ti gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá tí ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n di ẹrù Nàìjíríà ru ìtàn náà jù. Hausa kú láìṣẹ̀, Ìgbò gbẹ̀san lára ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ni jẹgúdú, òyìnbó ń dọ́gbọ́n sí i. Nígbà mìíràn, àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú bí ẹni pé wọ́n ti ka ìròyìn ọdún 1966 sí 1970 tán. Ibi tí àpẹẹrẹ bá ti pọ̀ jù, ènìyàn kì í ráyè mí níbẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé àánú Adérọ̀pò ni kí ó ṣe wá, pé ohun tí wọ́n ṣe sí i ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àánú ọmọdé tí ó jẹ́ nígbà kan ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ọmọ ọba yìí sì ń gé ìka tí kò ṣẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ewu ńlá wà nínú kí á jáde kúrò nídìí sinimá kí á máa rò pé ọmọkùnrin tí wọ́n bá bà jẹ́ kò lè ṣàì di apààyàn. Àwọn tí ó ní irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, wọ́n ń ka ìwé wọn, wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn. Bí a bá fi ojú apààyàn wò wọ́n, a tún ti pa ẹnu wọn dé lẹ́ẹ̀kejì. Àgbẹ́kọ̀yà ni ó yẹ kí sinimá náà fi dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa: kí ni ó mú kí ọ̀kan di ẹranko, kí èkejì sì jẹ́ ènìyàn síbẹ̀? Ó bi í, kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Lójú tèmi, ibi tí ó lágbára jù lọ ni ìparí, nígbà tí Waziri kó gbogbo ohun tí ó rí síwájú àwọn ọ̀gá òyìnbó, tí wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ariwo lọ́jọ́ tí ayé ń yọ̀. Ìbòmọ́lẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀ òmìnira nínú ìtàn yìí. Ìbòmọ́lẹ̀ kan náà ni ó ń bẹ nínú òfin wa fún ìgbà pípẹ́: nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ní gúúsù, obìnrin nìkan ni a lè sọ pé wọ́n fipá bá lòpọ̀. May 2015, lẹ́yìn tí sinimá yìí jáde, ni òfin tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀ tó gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ wo sinimá yìí, kí ẹ sì bá a jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ eré nínú yín, kí ó gbé àwọn ọmọbìnrin Akote dìde, kí ó fún wọn ní orúkọ àti ohùn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ kan bá ṣàdédé kọ kíláàsì sílẹ̀, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń sá fún. Ìlú pe Àgbẹ́kọ̀yà ní òpè fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, òun sì ni ó mọ ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ wọn.