Ẹ Tú Ọ̀rá Oògùn Màmá Wò

Bí ènìyàn bá gba Bẹẹrẹ gun òkè Mápó, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrunkà, nínú Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé yìí, ṣàṣà ni agbo ilé tí kò ní àgbàlagbà kan tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí; ohun tí ó wá ń dun ni ni pé, ní ìlú kan náà tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládiípọ̀ Akinkugbe ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwádìí àìsàn yìí, àṣìlò oògùn náà ṣì gbilẹ̀ láàárín wa.

Lójú ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa, orí fífọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí orí bá fọ́, wọn a gbé hóró kan mì. Bí ó bá fúyẹ́, wọn a dá oògùn dúró. Bí ó bá wá ku ọ̀la kí wọ́n lọ rí dókítà, wọn a kó méjì mẹ́ta jẹ pọ̀ kí ẹ̀rọ má baà tú àṣírí wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè ru kọjá ààlà fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé orí fọ́ olúwarẹ̀ rí. Àwọn mìíràn ní arúgbó ti kọjá ẹni tí ń lo oògùn. Irọ́ gbáà ni, nítorí ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ẹni ọdún 80 sókè, tí ó jáde ní 2008, fi hàn pé oògùn náà dín ikú kù láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ tú ọ̀rá náà wò. Ẹ ó bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, ẹ ó bá diclofenac tí wọ́n rà ní kẹ́mísì nítorí orúnkún tí ń dùn wọ́n, ìgò agbo jẹ̀díjẹ̀dí a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi kò bá agbo jà o. Àmọ́ bí agbo bá ń mú ni yàgbẹ́, tí oògùn sì ń fa omi ara, òòyì lè gbé àgbà ṣubú bí ó bá ti dìde lójijì, egungun itan a sì dá. Diclofenac ní tirẹ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí ó bá pàdé oògùn ìtọ̀ náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ lè ka ara páálí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ tọ dókítà lọ, tàgbotàgbo. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá ní ìjókòó àti ní ìdúró, nítorí òòyì yẹn.